Páálí Tó Kún Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹni tó bá gba òpópónà kan kọjá ní London ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn akólẹ̀ ń bọ̀ yóò rí ohun kan tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ní 30 ọdún sẹ́yìn. Páálí ni. Wọ́n tò ó sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan: èyí tí wọ́n tú palẹ̀, èyí tí wọ́n kàn fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí òjò òru ti pa tó sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ inú omi. Bàtà ló bá ọ̀kan dé. Ìwé kan ṣoṣo ló bá èkejì dé. Wáyà tí a fi ń gba iná sí fóònù ló bá ẹ̀kẹta dé, páálí ọ̀hún sì tóbi tó èyí tí ọmọdé lè jókòó sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Houston, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Berlin. Èkó náà ti ń bá wọn rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2012, tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí ayélujára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀rá ni púpọ̀ nínú ọjà tiwa ṣì ń bá ọlọ́kadà wá.

Nínú ilé Yorùbá, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, páálí kì í tètè rí ọ̀nà ìta. Ìyá yóò ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù, ó ń bọ̀ wá wúlò. Èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá wá yóò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí bí a bá ń kó lọ sí ilé mìíràn lọ́la ńkọ́? Èyí tí Indomie bá wá yóò di àpótí ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sí yunifásítì. Wọ́n á fi okùn gbá a lọ́jàá, wọ́n á kọ orúkọ sí i lára gàdàgbà. Kódà àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé ẹ̀rí: wọ́n á ní àwọn ti gba páálí, iṣẹ́ ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ibi tó fẹ̀ mọ. Nígbà tí ọjà bá ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjà yóò dé sílé: ta ló ni iṣẹ́ kíkó páálí yìí? Ìbéèrè yẹn ti dàgbà ju ayélujára lọ. Ó ti lé ní 100 ọdún tí àwọn oníṣòwò, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin, àwọn ìjọba àti àwa tí a ń ra ọjà ti ń tì í síra wa, ibi tí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà sí nígbà náà ló bí òkìtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí.

Kí páálí tó dé, àwọn baba wa ní ohun tí wọ́n fi ń di ẹrù. Ewé eéran ni wọ́n fi ń di ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Ewé ni wọ́n fi ń wé obì kó má baà gbẹ, ewé ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọṣẹ dúdú, tí àwọn àgbà fi rí ohun tí wọ́n sọ pé ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ. Ẹrù tó bá wúwo wà fún agbọ̀n, apẹ̀rẹ̀ àti igbá. Nígbà tí wọ́n bá jẹ ohun inú ewé tán, ewé á lọ sí akìtàn, ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù á jẹrà. Agbọ̀n a máa padà sọ́jà lọ́jọ́ kejì.

Ọjà òkè òkun dé pẹ̀lú àgbá, àpótí onígi àti agolo, àwọn ènìyàn wa kò sì jẹ́ kí ọ̀kan ṣòfò. Garawa tí kẹrosíìnì bá wá di ohun ìponmi, ó tún di ìwọ̀n gàrí. Agolo mílíìkì di àtùpà lọ́wọ́ àwọn onípáànù. Agolo tòmátì De Rica di ìwọ̀n ìrẹsì, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wa dòní tí a ń bi ìyá oníràísì pé dẹ́ríkà kan èló ni. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni ti àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tó ń ti òkè òkun bọ̀ ni wọ́n máa ń gé ní oríṣiríṣi àwòrán, tí wọ́n á fi lé orí aṣọ, tí wọ́n á sì fa ẹ̀kọ lé e, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ohun tí oníṣòwò tíì kà sí èèpo lásán ló di irinṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń yin àwọn àgbà pé wọ́n fẹ́ràn àyíká jù wá lọ. Irin àti igi lágbára ni, wọ́n ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Páálí yàtọ̀ sí wọn: ìrìn àjò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an yóò ya ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 1856, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Healey àti Allen, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí bébà tí wọ́n ṣẹ́ ní ìgbì-ìgbì bí páànù orí ilé. Kì í ṣe ẹrù ni wọ́n fẹ́ fi dì. Inú fìlà gọgọrọ tí àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà náà ń dé ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí fìlà lè dúró ṣánṣán. Ọdún 15 kọjá kí Albert Jones ní New York tó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, ní ọdún 1871, láti máa fi irú bébà bẹ́ẹ̀ wé ìgò àti gíláàsì àtùpà kí wọ́n má baà fọ́ lọ́nà. Ní ọdún 1874, Oliver Long fi bébà pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ ọn kí ìgbì náà má baà nà tú. Ẹni tó bá ti gun òrùlé rí mọ àṣírí tó wà níbẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ yóò tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní ìgbì yóò gbé ọkùnrin kan dúró. Bébà tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀ di ògiri nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ẹ tí wọ́n sì há a sáàárín bébà méjì.

Àṣìṣe ló bí apá kejì. Robert Gair, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpò bébà tí àwọn àgbẹ̀ ń fi irúgbìn sí. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1870, irin kan tó yẹ kó kàn fa ilà ìṣẹ́po sí ara bébà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì gé àpò náà. Ọ̀gá mìíràn ì bá fi ọjọ́ náà bú òṣìṣẹ́. Gair rò ó wò pé bí irin kan bá lè gé, tí òmíràn ń fa ilà, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ kan. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni àwọn oníṣẹ́ àpótí bébà fi ń gé e, tí wọ́n ń fi ń lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, páálí ń jáde ní pẹlẹbẹ, tó ní ojú ibi tí yóò ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rà á ni yóò sì nà án dìde ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù kan lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ láìgbé afẹ́fẹ́ kiri. Nítorí náà, nígbà tí a bá tú páálí palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìdọ̀tí, ìrísí tí wọ́n bí i mọ́ ni a dá a padà sí. Àwọn ilé gogoro tí Gair kọ́ ṣì dúró létí odò ní Brooklyn, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dumbo. Apá àwọn tálákà kò ká owó ilé wọn mọ́.

Bébà náà ní ìtàn tirẹ̀. Títí di àárín ọ̀rúndún 19, àkísà ni ilẹ̀ Yúróòpù fi ń ṣe bébà, àkísà kò sì tó. Ní ọdún 1800, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Matthias Koops gba ìwé àṣẹ ní London lórí bí a ṣe lè wẹ yíǹkì kúrò lára bébà àlòkù kí a sì sọ ọ́ di tuntun. Ó tún ń fi pòròpórò ṣe bébà, ó sì dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Bermondsey. Kò pẹ́ tí gbèsè fi gbé ilé iṣẹ́ náà mì. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí a bá dé ìparí ọ̀rọ̀ yìí. Friedrich Keller ní Jámánì fi hàn ní ọdún 1844 pé igi tí a lọ̀ ṣeé fi ṣe bébà, ṣùgbọ́n bébà ìgbà náà kò lágbára. Carl Dahl ló rí ojútùú rẹ̀ ní Danzig ní ọdún 1879: ó se igi pẹ̀lú ìmí ọjọ́ àti àwọn èròjà mìíràn títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fi yọ́, tí fọ́nrán rẹ̀ gígùn sì kù. Wọ́n pe bébà yìí ní kraft, tó túmọ̀ sí agbára lédè Jámánì. Àwọ̀ ilẹ̀ tí páálí ní kì í ṣe ọ̀dà. Bí fọ́nrán igi tí wọn kò wẹ̀ funfun ṣe rí nìyẹn. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ni ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń rùn.

Ohun tí wọ́n fi ń lẹ ìgbì mọ́ ara ògiri rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Láti àwọn ọdún 1930 ni sítáàṣì ti gba iṣẹ́ náà. Àgbàdo ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gẹ́ ṣeé lò bákan náà, ìyẹn irú ohun tí àwọn aládìrẹ fi ń ya àwòrán sí aṣọ. Ìdí nìyẹn tí aáyán fi fẹ́ràn páálí. Ẹ̀yin tí ẹ to páálí sábẹ́ ibùsùn fún ọdún mẹ́ta, oúnjẹ ni ẹ tọ́jú sílẹ̀ fún un, ẹ sì fún un ní ilé mọ́ ọn.

Páálí kò ṣàdédé borí àpótí onígi; òfin ló là á lọ́nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà rí i pé páálí fúyẹ́, kò náni lówó púpọ̀, kò sì nílò ìṣó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kan àpótí onígi lágbára ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì ń gba owó tó pọ̀ jù lórí ẹrù tó bá wà nínú páálí. Wọ́n ní páálí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹrù inú rẹ̀ a máa bàjẹ́, àwọn ni yóò sì san gbà-má-bínú. Ilé iṣẹ́ páálí kan ní Los Angeles tí ń jẹ́ Pridham gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣòwò láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1914, ìgbìmọ̀ náà dá a láre: kò tọ́ kí owó ọkọ̀ máa fi páálí jìyà bí ó bá ṣáà ti lágbára tó. Láti mọ̀ bóyá ó lágbára tó ni òǹtẹ̀ róbótó ṣe dé. Ẹ dojú páálí kan tó wá láti Amẹ́ríkà dé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ óò rí orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ìwọ̀n agbára tó lè gbà kó tó bẹ́. Èso ìjà àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin ni òǹtẹ̀ yẹn.

Ìdájọ́ yẹn tọ́, n kò sì bá a jà. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè níwájú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n sọ ẹni tí yóò san owó bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà. Wọ́n sọ bí páálí ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ kejì. Àpótí onígi ní olówó. Ó ṣeé tà, ó ṣeé dá padà, ó ṣeé fi kan àga. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra kíréètì mínírà ṣì mọ̀ pé bí òun kò bá mú ìgò òfìfo lọ́wọ́, òun yóò san owó ìgò. Ìdí nìyẹn tí ìgò kì í fi sùn níta. Páálí kò ní owó ìgò. Bí ẹrù bá ti dé, ó di ti onílé, tòun ti wàhálà rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ kan lé wa léjìká tí ẹnikẹ́ni kò bi wá pé ṣé a óò ṣe é, tí wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún wa lórí rẹ̀.

Ní àkókò kan náà ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ènìyàn wá sílé. Àwọn ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà bíi Sears ń fi ìwé àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ ní oko, àgbẹ̀ á yan ohun tó fẹ́, á fi owó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1913, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ènìyàn yára kọ́ bí wọ́n ṣe lè jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1916, ọkùnrin oníṣòwò kan ní ìlú kékeré Vernal, ní Utah, fẹ́ kọ́ ilé báńkì. Ó rí i pé owó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéré sí owó tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣòwò ń gbà. Ó bá ní kí wọ́n máa di bíríkì láti Salt Lake City ní ìdì-ìdì tí ìkọ̀ọ̀kan kò ju 50 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin fàyè gbà, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ bí ẹni ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nǹkan bí 80,000 bíríkì ló gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá kí ìjọba tó sáré fi òfin tuntun dí ihò náà. Ilé báńkì ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé àṣejù ọjà orí ayélujára ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìtàn bíríkì onísítáǹbù. Àwọn àgbà wa tó mọ ìwé nígbà ìjọba amúnisìn náà mọ àdùn rẹ̀. Wọ́n a máa kọ̀wé ra bàtà àti kóòtù láti Ìlú Ọba, wọ́n á sì dúró de ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo ni páálí àlòkù di ohun iyebíye lójú ìjọba, ogun ló sì fà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, igi láti òkè òkun kò rọrùn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kó wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun ìjà, oúnjẹ àti oògùn àwọn ọmọ ogun nílò ìdì. Ní ọdún 1942, ó di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti sun bébà tàbí láti dà á nù. Àwọn ọmọdé ń lọ láti ilé dé ilé láti kó o jọ, àwọn ilé ìkàwé tilẹ̀ ń fi ìwé sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe páálí líle kan fún àwọn ọmọ ogun tí omi òkun kò tètè lè rọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀rọ tuntun kan tó mú kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kó páálí wọn jọ lọ́dún náà. Ohun tí Koops mọ̀ ní ọdún 1800 náà ni. Àìní ló dé. Nígbà tí ogun parí tí igi tún wọ́pọ̀, àṣà náà rọ lọ.

Amazon ṣílẹ̀kùn ọjà rẹ̀ lórí ayélujára ní oṣù Keje ọdún 1995, ìwé ló kọ́kọ́ ń tà. Ìwé rọrùn láti dì: gbogbo wọn ni igun mẹ́rin. Nígbà tí ilé ìtajà orí ayélujára bá ń ta bàtà, ìkòkò, oògùn eyín àti bọ́ọ̀lù pọ̀, kò lè ní páálí tó bá ọjà kọ̀ọ̀kan mu. Ìwọ̀n díẹ̀ ni wọ́n máa ń yàn, ọjà tó bá sì bọ́ sáàárín méjì á wọ èyí tó tóbi, wọ́n á fi bébà tàbí ọ̀rá afẹ́fẹ́ dí ìyókù. Tẹ́lẹ̀ rí, páálí ńlá kan a máa gbé bàtà 12 lọ sí ṣọ́ọ̀bù, olóko òwò náà á tú u, á tà á fún àwọn tó ń rà á. Lónìí, páálí 12 ló ń gbé bàtà 12 lọ sí ilé 12. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ti di iṣẹ́ ìdílé 12 tí kò ráyè.

Àwọn ilé iṣẹ́ kò ṣaláìmọ̀. Ní ọdún 2008, Amazon bẹ̀rẹ̀ ètò ìdì tó rọrùn láti tú, tí kò ní wáyà àti ọ̀rá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dín ìwọ̀n páálí kù ju ìyẹn lọ, lójú tèmi, owó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, FedEx àti UPS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyè tí gbogbo ìdì bá gbà nínú ọkọ̀ mọ́ owó rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe wúwo nìkan. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ inú páálí di ohun tí wọ́n ń san owó fún ni àwọn tó ń dì í rántí pé kò yẹ kó tóbi bẹ́ẹ̀.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Fún nǹkan bí 20 ọdún, Ṣáínà ni. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Zhang Yin dé Los Angeles ní ọdún 1990, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ àlòkù kiri láti ààtàn dé ààtàn láti ra bébà àlòkù. Ó ti rí ohun kan tí àwọn olówó kò wò: ọkọ̀ òkun tó kó ẹrù Ṣáínà wá sí Amẹ́ríkà kì í rí ẹrù gbé padà, owó rẹ̀ sì kéré. Páálí àlòkù Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ náà, ó di páálí tuntun ní ilé iṣẹ́ Nine Dragons tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n àti bàtà, ó tún padà sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2006, wọ́n kéde pé kò sí ẹni tó lówó tó o ní gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Akìtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, àmọ́ Zhang Yin ló mọ èyí tó yẹ ní ṣíṣà níbẹ̀.

Òpin dé sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ìjọba Ṣáínà sọ fún Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé àwọn kò ní máa gba ìdọ̀tí àwọn ẹlòmíràn mọ́. Ní ọdún 2018, bébà àlòkù tí ohun àjèjì inú rẹ̀ bá ju ìdá 0.5 nínú 100 lọ kò rí ọ̀nà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa. Páálí tí epo oúnjẹ ti rin, tí ìgò ti fọ́ sínú rẹ̀, tí òjò ti pa, kò bá òfin yẹn mu. Àwọn ìlú Amẹ́ríkà tó ti ń rí owó díẹ̀ lórí páálí wá ń san owó kí wọ́n tó bá wọn kó o. Àwọn kan pa ètò náà tì. Philadelphia kó apá kan lọ sun.

Àwọn ará Jámánì ti bèèrè ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ ọdún 1914 gbàgbé. Ní ọdún 1991, ìjọba wọn ṣòfin pé ẹni tó bá fi ìdì sí ọjà ló ni kíkó rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1992, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti tú páálí òde kúrò lára ọjà níwájú oníṣọ́ọ̀bù kó sì fi í sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí inú oníṣọ́ọ̀bù yóò ṣe rí! Láìpẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ páálí tí kò wúlò kúrò, wọ́n sì dá owó jọ fún ètò tí àmì rẹ̀ jẹ́ kókó róbótó aláwọ̀ ewé, tí yóò máa lọ kó ìyókù nílé àwọn ènìyàn. Ó gba 30 ọdún kí ìpínlẹ̀ Maine tó di àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2021. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ọdún 2025. Àwọn tó ń ṣàríwísí rẹ̀ ní orí oníbàárà ni owó náà yóò padà já lé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra nǹkan díẹ̀ kò ní máa bá ẹni tó ń ra nǹkan lójoojúmọ́ san owó akólẹ̀ mọ́, èyí sì tó mi.

Kí ni ti ilẹ̀ wa? Nàìjíríà ti gbìyànjú láti ṣe bébà tirẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ bébà dé Jẹ́bà ní ọdún 1969, ó sì ṣe bébà kraft tí páálí ń lò. Ti Ìwọ̀pín, ní etí omi ìpínlẹ̀ Ògùn, tẹ̀lé e. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbin igi gmelina lọ rẹrẹ nínú igbó ọba Omo. Igi náà dàgbà. Ilé iṣẹ́ ló dẹnu kọlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ní igbó ń ra bébà lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sọ páálí àlòkù di tuntun ní àyíká Èkó àti Ògùn gbára lé ohun tí àwọn aṣàpàǹtí bá rí kó wá.

Àwọn aṣàpàǹtí wọ̀nyí ni Zhang Yin tiwa tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn olówó. Wọ́n wà ní Olúṣósùn ní Ọjọ́ta, wọ́n wà lẹ́yìn ọjà, wọ́n sì ń ti ọmọlanke láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kílò ni wọ́n fi ń ta páálí, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà kò kọ́ títí di ọdún 2018: èyí tó gbẹ tó sì mọ́ nìkan ló ní owó. Fọ́nrán bébà lè padà di bébà ní nǹkan bí ìgbà 5 sí 7 kó tó kúrú jù, ṣùgbọ́n èyí tí ọbẹ̀ bá ti dà sí kì í rí ìgbà kejì. Nítorí náà, bí ọmọlanke bá ń kọjá ládùúgbò yín, ẹ tú páálí palẹ̀, ẹ ya téèpù kúrò lára rẹ̀, ẹ má fi ike oúnjẹ há a láàárín, kí ẹ sì gbé e fún un kó tó wọ inú pàǹtí. Èyí tó bá rìn díẹ̀ tí kò ní yíǹkì dídán lára ṣeé tẹ́ sórí ebè kí koríko má baà hù níbẹ̀. Ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́.

Ní àsìkò òjò, ẹ wo onítọ̀hún bí ojú ọ̀run bá ṣú. Yóò yọ ọ̀rá ńlá kan lábẹ́ ọmọlanke rẹ̀, yóò fi bo páálí yí ká, yóò fi okùn dè é mọ́lẹ̀ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wá ibi tí òun náà yóò forí pamọ́ sí.